Ẹ̀yìn Bàbá Onídán Ni Mo Dúró Sí

Kí Bàbá tó pa idán kankan, wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀. Wọ́n á dúró níwájú àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n á ká apá ẹ̀wù sókè dé ìgúnpá, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín o. Ẹ má wo ọwọ́ mi, ojú mi ni kí ẹ wò. Ẹni tó bá gbà mí gbọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á." Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo wọn á ti gbà gbọ́, títí kan tíṣà tó mú pàṣán dání létí ilẹ̀kùn.

Lásísì ni orúkọ wọn ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe. Lórí ìtàgé, Púrọ́fẹ́sọ̀ Wòmílójú ni. Èmi ni ọmọ tí àkọ́bí wọn obìnrin bí, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń pè mí títí wọ́n fi kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ti lé ní ogójì ọdún, tíṣà ni mí ní Ìkòròdú, ẹnu mi ò sì dákẹ́ rí. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá sin mí tán, kí wọ́n tún fi búlọ́ọ̀kù lé ẹnu náà lọ́tọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àbúrò Bàbá ni lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Ọ̀rọ̀ idán yìí kò dùn mọ́ ọn rárá. Ó wá bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó síwájú ilé, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ onígi hun ojú àwọ̀n tó ya.

"Ẹ̀gbọ́n, mo tún wá o. Ẹ̀tàn ni iṣẹ́ yín yìí. Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ̀tàn."

Bàbá ò gbójú sókè. "Ta ni mo tàn?"

"Àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

"Ṣé mo sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé irọ́ ni, àbí mi ò sọ?"

"Ẹ sọ fún wọn."

"Ẹja tó wà nínú ọ̀rá tí o gbé dání yẹn, ẹni tó tà á fún ọ, ó ní ìgbà wo ni wọ́n pa á?"

"Ó ní àárọ̀ yìí ni."

"Súnmọ́ ibí kí n gbóòórùn rẹ̀."

Lèmọ́mù gbé ọ̀rá náà sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Odidi ààwẹ̀ kan ni ò fi wá ṣínu lọ́dọ̀ wa, ìyàwó rẹ̀ ló sì wá bẹ̀bẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá kàn ń hun àwọ̀n wọn lọ. Wọ́n ní, "Nílùú yìí, èmi nìkan ni òpùrọ́ tó ń kéde kó tó bẹ̀rẹ̀."

Idán tó jẹ́ tiwọn gan-an, èyí tí wọ́n fi orí ara wọn dá sílẹ̀, ni à ń pè ní Àwọ̀n Gbígbẹ. Wọ́n á gbé àwọ̀n jíjù kan fún àwọn ọmọ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí ẹni tó bá wù fi nu ojú. Gbígbẹ ni. Wọ́n á jù ú sórí sìmẹ́ǹtì họ́ọ̀lù, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa ròyìn ọ̀sà, bí omi ṣe ń rí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Nígbà tí àwọ̀n bá fi máa dé ẹsẹ̀ wọn, ẹja èpìyà kan á ti wà nínú rẹ̀, láàyè, tí ń fi ìrù gbá ilẹ̀, tí omi ń kán lára rẹ̀.

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fa ìwé yìí sún mọ́ ojú, ẹ rọra gbé e padà.

Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ kan ṣá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ níta, ní iléèwé kan ní Imọta, ẹja jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kú fin-ín fin-ín. Ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ bá wa dín in!" Họ́ọ̀lù dàrú. Àwọn mìíràn ì bá ní kò burú, ẹja ṣáà jáde, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé Àwọ̀n Gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, agbada omi kan máa ń wà lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, èpìyà kan á wà nínú rẹ̀, Bàbá á sì jókòó tì í bí ìyá aláìsàn. Ìyá àgbà ní òun ò mọ̀ bóyá ọkọ òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì láti inú omi. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà yẹn, kí ẹja lè yè ni. Wọ́n ní, "Idán tó bá pa ẹja, ọbẹ̀ ni."

Àwọn onídán láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ní ìwà tí kò sí níwèé. Bí idán ẹnìkan bá wù ọ́, o ò gbọdọ̀ fojú jí i. Ojúmọmọ ni wàá lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ olóhun. Ó lè fún ọ, ó lè má fún ọ. Bó bá fún ọ, wàá pa á lójú rẹ̀ kí o tó gbé e jáde, olóhun náà ò sì ní jókòó síwájú rẹ bí òǹwòran. Ẹ̀yìn rẹ ni yóò jókòó sí, níbi tí gbogbo àṣírí ti ń hàn. Níwájú ni wọ́n ti ń wo ìyanu. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wo iṣẹ́. Nígbà tí o bá wá gbé e jáde fún aráyé, wàá kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ni í. Ẹnikẹ́ni tó bá lè dúró sẹ́yìn onídán, ara ilé ni wọ́n ń pè é.

Ọkùnrin kan wà ní Gáréèjì Ìkòròdú nígbà yẹn tí ẹyin adìyẹ máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gun apá rẹ̀. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti mọ bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbé ẹja yíyan, wọ́n lọ tọrọ. Ọkùnrin náà jẹ ẹja tán, ó nu ọwọ́, ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni. Bàbá lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ ẹja, ó ní rárá. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí wọ́n fi ata sí i lọ́jọ́ mìíràn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin ọ̀hún kú. Àwa ọmọ ọmọ bẹ Bàbá títí.

"Bàbá, ẹ pa idán ẹlẹ́yin yẹn fún wa."

"Mi ò ní i."

"Ẹ mọ̀ ọ́n! Ẹni tó ni í sì ti kú. Ta ló máa bi yín?"

Wọ́n wò wá bí ẹni tó gbé ọmọ olè jó lọ́wọ́ láìmọ̀. Wọ́n ní, "Kí n mọ̀ ọ́n ò sọ ọ́ di tèmi."

Ó wá tó àkókò kí n sọ tèmi. Mo ti ń fi àwàdà lọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti fura.

Láti kékeré ni Bàbá ti gbà kí n máa dúró sẹ́yìn wọn. Nínú gbogbo ọmọ ọmọ, èmi nìkan ni. Lọ́jọ́ kan, ní họ́ọ̀lù iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo dúró síbi tí mo máa ń dúró sí, Bàbá ń fa Àwọ̀n Gbígbẹ bọ̀, orí mi wú. Mo yọ fóònù. Mo ya gbogbo rẹ̀. Èmi nìyí, tí mi ò lè rí nǹkan dídùn kí n má fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, mo tún ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì orí fóònù mi kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè rí irú bàbá tí mo ní. Bó bá di ọjọ́ kejì, á ti pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Òǹwòran lásán ò lè ya irú fídíò bẹ́ẹ̀ láé. Ara ilé ló yà á.

Ẹnìkan rí i, ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó sì dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Díméjì, tó ń gbé lẹ́bàá Gáréèjì Ìkòròdú. Iṣẹ́ Díméjì ni kó máa tú idán fún àwọn tó ń wo fídíò rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó ti ra àwọ̀n, ó ti pa á, ó ti tú u síta. Ó fi ibi tó mú ọwọ́ nìkan nínú fídíò mi sí i, ó gé ohùn mi kúrò, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní idán tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé nìyí.

Èmi ò mọ̀. Bàbá ò mọ̀. Bí a ṣe gbéra lọ sí iléèwé mìíràn ní Ìkòròdú nìyẹn. Bàbá kìlọ̀ fún àwọn ọmọ bí ìṣe wọn. Wọ́n ju àwọ̀n. Wọn ò tíì fà á dé ìdajì tí ọmọbìnrin kékeré kan fi dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọwọ́ òsì ni! Ẹ wo ọwọ́ òsì bàbá yẹn!"

Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ òsì!" Tíṣà ń na pàṣán mọ́ tábìlì, wọn ò dáhùn. Ọmọbìnrin náà wá sọ èyí tó kẹ́yìn, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà tún àṣìṣe ṣe: "Bàbá, Bọ̀ọ̀dá Díméjì lẹ kọ́pì. Àwa ti wò ó."

Bàbá fa àwọ̀n náà tán. Ẹja jáde láàyè, ó ń fò, kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n gbé e fún ọmọbìnrin náà. Wọ́n ní, "O ṣeun, ìyá mi. Ojú rẹ mú."

Kí a tó kúrò nínú ọgbà iléèwé yẹn, wọ́n ti béèrè ilé Díméjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. A lọ síbẹ̀. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti pariwo ọwọ́ òsì ni mo ti rántí fídíò mi. Ṣùgbọ́n mo tún ń retí pé bóyá ọ̀nà mìíràn ló gbà mọ̀ ọ́n.

Díméjì ò sá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún wa, ó ra omi tútù. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ìyẹn ló sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn," ó ní. "Ìmọ̀ tí èèyàn bá fi pamọ́, ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Ọmọ tí ò lè dé Ẹ̀pẹ́ láyé, ó ń rí iṣẹ́ yín lórí fóònù ìyá rẹ̀."

"Ó dáa," Bàbá ní. "Èyí tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀ dà, kí o kọ́ wọn ní ìyẹn?"

Ó fọwọ́ pa orí. "Èmi ò tíì dá tèmi sílẹ̀."

"Nígbà tí o bá dá a, tí o fi ọdún mẹ́fà jókòó ti agbada, wàá wá mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò síwèé tó ní tiyín ni. Èmi ò sì wọ ilé yín. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni, ẹ wò ó."

Ó tẹ fóònù. Ohùn mi jáde láti inú rẹ̀, gooro, tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀bọ: "Ẹ wo bí bàbá mi ṣe ń tàn wọ́n jẹ o! Ẹ wo ọwọ́ òsì, ẹ wo ọwọ́ òsì wọn!"

Bàbá wò ó tán. Wọ́n ní kó tún un fi sí i. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n gbé omi tí wọn ò mu sílẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n kí Díméjì pé ó ṣeun. Títí a fi kúrò ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń sọ: kòtò wà níwájú, rọra, jẹ́ kí ọlọ́kadà yẹn kọjá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Ẹ̀pẹ́, mo fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n di apá mi mú. Wọ́n ní, "Gbogbo ayé ni mo ní kó wò mí lójú. Ìwọ nìkan ni mo jẹ́ kí o wò mí lọ́wọ́."

Ìgbà tí ẹgbẹ́ onídán ṣèpàdé ni Bàbá ṣe ohun tí mo fi mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrèsé sì ṣí. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan Bàbá. Bàbá fúnra wọn ló dìde láti sọ pé àṣírí Àwọ̀n Gbígbẹ ti tú.

"Ta ló tú u?" alága bi wọ́n. "Fídíò yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti yà á. Ẹ dárúkọ onítọ̀hún kí a lé e jìnnà sí gbogbo wa."

"Ilé mi ló jò," Bàbá ní.

"A mọ̀. Ta ló wà nínú ilé?"

"Mo ní ilé mi ló jò. Èmi ni mo ni òrùlé."

Wọ́n bi Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kan náà ni. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí àṣírí bá ti ọwọ́ rẹ̀ tú, yóò gbé idán náà sílẹ̀. Òfin ọ̀hún dára fún ayé àtijọ́, nígbà tí gbogbo ẹni tó ń pa idán jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Díméjì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tó yẹ kó mú olè, olóhun ló mú. Láti ọjọ́ náà, ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó ń pa Àwọ̀n Gbígbẹ, òun sì ni ẹni tó jí i. Mo sunkún nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà lọ, mo ní màá lọ jẹ́wọ́ fún alága. Bàbá ní, "Bí o bá lọ, o sọ mí di òpùrọ́ tí ò kéde."

Wọ́n ṣì ń pa àwọn idán yòókù. Iléèwé kan ní Èbúté Ìkòròdú pè wọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo tẹ̀lé wọn, ẹsẹ̀ mi gba ẹ̀yìn wọn lọ láìronú. Wọ́n yíjú padà. Wọn ò bínú, wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, iwájú ni àyè rẹ."

Mo lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ Pírámárì Méjì. Mo wo ìyanu. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìyanu dùn-ún wò, ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti lé yín sí kí ẹ wá wò ó.

Ẹ má rò pé wọ́n kórìíra mi. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi, wọ́n ń fi ìdí mi tó ń tóbi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń bọ́ wọn ní ẹ̀kọ mímu.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí a tó dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa dúró sẹ́yìn yín bí ara yín bá yá."

Wọ́n gbé ẹ̀kọ mì. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdáríjì."

Ó yẹ kí n tọrọ Àwọ̀n Gbígbẹ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ojúmọmọ ni, èmi àti olóhun la jókòó, kò sẹ́lòmíràn. Èmi nìkan ni mo ti rí i láti ẹ̀yìn tó láti mọ bí ẹja ṣe ń yè. Fídíò mi ò mú ibẹ̀; ara Bàbá bò ó. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ẹnu tó tú u síta ò lè yà láti tọrọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, wọ́n kú, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó yẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Díméjì pè mí. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ sì wúwo lóòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ṣe fídíò kan fún ìrántí Bàbá. Màá dárúkọ wọn. Màá gbé fọ́tò wọn síbẹ̀, màá sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ló ni Àwọ̀n Gbígbẹ, pé mo jí i ni."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ họ́ọ̀lù yẹn nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Nǹkan kan ló kù. Ẹja tèmi máa ń kú. Mo ti gbìyànjú títí. Ẹ̀yin mọ bí Bàbá ṣe ń ṣe é. Bí ẹ bá sọ fún mi, màá pa á bó ṣe yẹ, pẹ̀lú orúkọ wọn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé òkú ẹja jáde fún ìrántí irú èèyàn bẹ́ẹ̀?"

"Bí mi ò bá sọ ńkọ́? Ṣé wàá ṣì dárúkọ wọn?"

"Kí ni màá ní mo fi ń rántí wọn nígbà náà, ẹ̀gbọ́n?"

Mo jókòó sórí àpótí ní kíṣìnì. Orúkọ Bàbá wà lẹ́nu rẹ̀, àṣírí Bàbá wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Ìkòròdú á mọ̀ pé bàbá mi kì í ṣe akọ́pì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti ta ohun tí kì í ṣe tèmi lẹ́ẹ̀kejì.

"Mi ò lè sọ fún ọ, Díméjì. Wọn ò fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kú."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fún wọn ní ẹ̀kọ tí wọ́n mu kẹ́yìn."

Ó ní òun gbọ́, ó kí mi, ó sọ fóònù kalẹ̀. Kò ṣe ìrántí kankan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, jókòó tì mí lórí àga, ó ń wo fídíò tuntun tí Díméjì gbé jáde. Kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò. Ó ju àwọ̀n, ó fà á, àwọn èèyàn inú rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Mọ́mì," ọmọ mi ní, "ẹja yìí ò mira. Ti Bàbá àgbà máa ń fò. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."